Balógun Ìrìnnà àti Táyà Mẹ́rin

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Òkúdù, ọdún 2024. Mìlímítà kan.

Bí eyín tó kù lára táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹgbẹ́ wa ṣe ga mọ nìyẹn lọ́jọ́ náà. Eyín ọmọ tí kò tíì mọ àgbàdo jẹ ga jù ú lọ. Táyà iwájú ọkọ̀ kan náà ńkọ́? Ó dúdú, ó ń dán, irun wẹ́wẹ́ tí táyà tuntun máa ń hù ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹni tó ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Akínbáyọ̀, pírésídà, ìyẹn ààrẹ, Ẹgbẹ́ Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Massè. Ẹ dìde fún un. Bí ẹ kò bá dìde, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹ óò fi dìde.

Ẹ jẹ́ ká kí i bó ṣe tọ́. Akínbáyọ̀, Ọkọ Dígí! Ọ̀ṣọ́ Iwájú Ilé! A-kí-òjìji-rẹ̀-kó-tó-kí-ìyá-rẹ̀! Ọkùnrin tí agbádá rẹ̀ ń lọ sóde, tí òun kàn ń sìn ín lọ!

Ojú nìkan ni ọkùnrin yìí ní. Ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ògiri iwájú nìkan ni wọ́n kùn. Àwọn ògiri yòókù ṣì ń dúró de ọ̀dà láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́lé náà. Tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń fi wọlé, kí ojú ọkọ̀ lè máa kí àwọn tó ń kọjá. Ẹni tó bá bi í léèrè ìdí rẹ̀ á gbọ́ èsì tó ti kọ́ sórí:

"Iwájú ni Ọlọ́run fi ojú sí. Bí ẹ̀yìn bá ṣe pàtàkì ni, ìpàkọ́ là bá máa fi ríran."

Àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Níbí, bí ẹni tó wọ agbádá bá ti lanu, ohun tó bá jáde ti di òwe.

Ọkọ̀ ẹgbẹ́ tí mò ń sọ, kátì-kátì là ń pe irú rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń fa ara rẹ̀, kì í ṣe méjì bíi ti àwọn ọkọ̀ yòókù. Àlòkù ni, láti Kútọnu. A kò rà á fún fáàrí. A rà á nítorí ilẹ̀ dúdú. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí nígbà òjò mọ ohun tó ń ṣe: á gba bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni, á gba alùpùpù lọ́wọ́ onízémí tó ń fi í gbé èrò, kò sì ní dá a padà títí ọ̀gbẹlẹ̀ yóò fi dé. Kátì-kátì nìkan ló lè gbé aláìsàn àti aboyún la inú rẹ̀ kọjá dé ilé ìwòsàn ní Pobè.

Aboyún tí ọ̀rọ̀ kàn jù lọ ní oṣù yẹn ni Tiwalọpẹ́. Abà kan lẹ́yìn Massè ló ń gbé. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé bí ìrọbí kejì bá ti bẹ̀rẹ̀, kó má dúró wo ẹnikẹ́ni, kó máa bọ̀ ní Pobè lójú ẹsẹ̀, nítorí ojú ọgbẹ́ ti tẹ́lẹ̀ lè ya. Oṣù rẹ̀ ti pé.

Ìyá rẹ̀ ni Oyèfúnkẹ́, olórí àwọn obìnrin tó ń fún epo pupa. Àwọn obìnrin yìí ló ra táyà mẹ́rin náà. Wọ́n se ẹyìn, wọ́n gún un, wọ́n fún un, títí àtẹ́lẹwọ́ wọn fi pọ́n. Wọ́n kó epo lọ sí Kútọnu, wọ́n sì kó táyà bọ̀. Oyèfúnkẹ́ fúnra rẹ̀ ló yí wọn wọ àgbàlá Akínbáyọ̀.

"Pírésídà, ẹni tó tà wọ́n fún wa ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀. Ó ní irú ọkọ̀ yìí kì í fẹ́ kí àgbà àti ọmọdé jọ wà lẹ́sẹ̀ òun."

"Ìyá Tiwalọpẹ́, ẹ ṣeun. Epo ni ẹ mọ̀. Ẹ fi ti ọkọ̀ sílẹ̀ fún àwa."

"Àwa ta ni, Pírésídà?"

"Àwa gbogbo wa. Bí mo bá ní àwa, èmi ni mò ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀."

Oyèfúnkẹ́ lọ sílé. Akínbáyọ̀ sì kó gbogbo wa, ìyẹn òun nìkan, ó kó wa lọ sọ́dọ̀ Gildas.

Gildas ni ó ń lẹ táyà ní Adja-Ouèrè. Ó kọ "Dókítà Táyà" sára pátákó kan. Kò sí aláìsàn kan tó tíì padà wá dúpẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà kiri báyìí, fún ẹnikẹ́ni tó bá ra ọtí sódàbì fún un.

Ọkọ̀ méjì ni Pírésídà gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ni kátì-kátì ẹgbẹ́. Èkejì ni jíìpù tirẹ̀, funfun báláú. Jíìpù yìí fara jọ kátì-kátì dáadáa, bí àwòrán oúnjẹ ṣe ń fara jọ oúnjẹ. Ẹsẹ̀ iwájú méjì nìkan ló ń fà á. Ẹni tó rà á kò béèrè ohun tó lè ṣe. Bó ṣe rí ló béèrè.

"Méjì síwájú èyí," Pírésídà wí, "méjì síwájú tèmi. Gbogbo rẹ̀ ló bára mu. Mo ti wọ̀n ọ́n."

Gildas bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀yìn kátì-kátì. "Pírésídà, àwọn ti ẹ̀yìn yìí ti pá o."

"Ta ló ń wo ẹ̀yìn?"

Gildas wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Èmi ò rí ẹnì kankan."

"Ó dára. Ìwọ tó o jẹ́ dókítà, kí ni táyà?"

"Táyà ni táyà, Pírésídà."

"Ẹ wo ọ̀mọ̀wé! Àgbà tó ra táyà mẹ́rin tí kò mú méjì, àgbà náà kò mọ ìṣirò ni."

Báyìí ni ọkọ̀ méjì ṣe ní ojú tuntun lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn ènìyàn ń pe ìyẹn ní olè jíjà. Ojú wọn kò tíì là. Ìpín dọ́gba ni.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ṣe gan-an, nítorí abẹ́ àìmọ̀ wa ni irú rẹ̀ ń sá sí. Táyà tó ti jẹ, yíyíká rẹ̀ ti kéré sí ti tuntun. Kó tó lè bá tuntun rin ọ̀nà kan náà, ó ní láti yí ju tuntun lọ. Nínú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ méjì ń fà, ìyẹn kì í dá ìjà tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú kátì-kátì wa, irin gígùn kan so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn. Nǹkan kan wà láàrin wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pẹ̀tù sí aáwọ̀ kékeré nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà. Aáwọ̀ kékeré. Ẹ so àgbàlagbà àti ọmọ ọdún mẹ́ta mọ́ okùn kan ní ìbàdí, kí ẹ ní kí wọ́n jọ máa rìn lọ sí Pobè láìsinmi, kí ẹ wá wo ohun tí okùn yóò fojú rí. Nǹkan náà gbóná, ó gbóná, títí ó fi dì pa. Láti ìgbà náà, iwájú ọkọ̀ wa àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè yẹra fún ara wọn mọ́.

Nínú ẹrẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹrẹ̀ ń yọ̀. Táyà tí kò bá rí àyè á yọ̀ díẹ̀, aáwọ̀ á sì tán. Ẹrẹ̀ Massè ló ń bo Akínbáyọ̀ láṣìírí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ líle kì í gba rìbá.

Augustin, awakọ̀ ẹgbẹ́, lọ bá a.

"Pírésídà, tí mo bá ti yí ọwọ́ ọkọ̀ lórí ọ̀nà ọ̀dà, ó máa ń gbọ̀n. Nǹkan kan ń ké nísàlẹ̀."

"Ṣé rédíò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Pírésídà."

"Yí i sókè."

Augustin yí i sókè. Ẹ má káàánú Augustin. Etí méjì ni Ọlọ́run fún un, ọ̀gá rẹ̀ ló kó méjèèjì fún. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, iná pupa kan tàn níwájú awakọ̀. Pírésídà wò ó títí. Ó mú fọ́tò ara rẹ̀ kékeré kan jáde, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú iná náà. Láti ìgbà náà, tí ọkọ̀ bá ti fẹ́ kígbe, ojú Akínbáyọ̀ ló ń pọ́n.

A dé orí ọjọ́ kejìdínlógún.

Àṣà kan wà ní Massè. Ohun tí gbogbo ìlú bá fi ọwọ́ ara wọn rà gbọ́dọ̀ yí igi ńlá tó wà láàrin ọjà ká lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹni gbogbo lè rí i, kó tó di ti gbogbo ènìyàn. Orí ni wọ́n fi gbé ẹ̀rọ ìlọkà àkọ́kọ́ yí i ká. Kátì-kátì ti yí i ká lọ́dún tí a rà á. Ṣùgbọ́n Akínbáyọ̀ ní táyà tuntun ti sọ ọ́ di ọ̀tun, ó sì gbọ́dọ̀ tún yí i ká. Ó tún ní ẹni tó sọ ọ́ di ọ̀tun kò gbọdọ̀ lọ sílé láìgba oyè. Oyè náà, òun fúnra rẹ̀ ló ronú rẹ̀: Balógun Ìrìnnà. Àwọn àgbà gbà. Ó ti kọ́kọ́ fi ọtí ṣàlàyé ìdí ọ̀rọ̀ náà fún wọn.

Abẹ́ igi yẹn kò ní ẹrẹ̀. Bíríkì ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ó le gbagidi. Àyè tó wà láàrin igi àti àwọn ìsọ̀ kò sì fẹ̀. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ yí i ká gbọ́dọ̀ ká ọwọ́ rẹ̀ dé òpin.

Pírésídà dé nínú agbádá funfun tí wọ́n fi òwú wúrà ṣe lọ́rùn. Ó mú ayafọ́tò wá láti Ikpinlè. Ó gbé jíìpù tirẹ̀ náà wá, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ sínú koríko, ó dojú rẹ̀ kọ àwọn ènìyàn.

"Ẹ̀yin ará Massè, ta ló wọ bàtà tuntun fún ọkọ̀ yín?"

"Ìwọ ni!" Àwọn tó mu ọtí ló dáhùn. Àwọn obìnrin elépo wo àtẹ́lẹwọ́ wọn.

"Ẹ wò ó! Ẹ wò ó dáadáa! Rárá, bàbá, ẹ má lọ sẹ́yìn, ẹ dúró síwájú kí ẹ wò ó!"

Fábọ̀dé, tó dàgbà jù ní Massè, jókòó ti fìlà oyè náà nínú àpò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde láti súre ni alùpùpù zémí kan, tí wọ́n ti tì la ẹrẹ̀ kọjá, já wọ ọjà láti ọ̀nà abà. Tiwalọpẹ́ wà láàrin onízémí àti àbúrò ọkọ rẹ̀, ó di inú mú, òógùn bò ó.

"Màámi, ó ti mú mi láti àárọ̀."

Oyèfúnkẹ́ ṣí ilẹ̀kùn kátì-kátì, ó gbé ọmọ rẹ̀ sórí àga ẹ̀yìn, ó sì wọlé tì í. "Augustin, ó di Pobè."

Augustin wo Pírésídà. Pírésídà wo ayafọ́tò.

"Ìyá Tiwalọpẹ́, ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni. Ṣé ẹ fẹ́ ká fojú di àṣà?"

"Pírésídà, àṣà kọ́ ló ń rọbí. Ọmọ mi ni."

"Ẹ tiẹ̀ fojú inú wò ó: aboyún nínú ọkọ̀, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, igi ọjà lẹ́yìn wa. Fọ́tò wo ló tún ju ìyẹn lọ? Tiwalọpẹ́, ọmọ mi, gbé ojú sókè díẹ̀."

Ó wọlé, ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ń juwọ́. "Augustin, yí i."

Ìyíká àkọ́kọ́: ọkọ̀ ń fò bí ewúrẹ́ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Táyà ń ké lórí bíríkì. Augustin na ọwọ́ sí rédíò, ó yí i sókè. Tiwalọpẹ́ kígbe. Pírésídà ń juwọ́.

Ìyíká kejì kò parí. Nǹkan dún gbàmù nísàlẹ̀, bí ìgbà tí ọdẹ yìnbọn. Irin gígùn náà já bọ́ sórí bíríkì, àpótí jíà fọ́, epo dúdú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde. Augustin tẹ iná mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ń bú ramúramù, ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Rédíò nìkan ló ń lọ síwájú.

Oyèfúnkẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu táyà. Ó dán bí ikùn igbá.

"Táyà mẹ́rin la rà."

"Mẹ́rin náà wà," Pírésídà wí láti ojú fèrèsé.

"Méjì ni mo rí."

"Méjì yòókù wà ní ìpamọ́. Ohun tó dára, ṣé ọjọ́ kan làá lò ó tán ni?"

Nínú ọkọ̀, Tiwalọpẹ́ tún kígbe. Oyèfúnkẹ́ nàró. "A kò ní ṣẹjọ́ táyà báyìí. Ọmọ mi gbọ́dọ̀ dé Pobè. Ẹ fún wa ní jíìpù yín."

Ọlọ́gbọ́n ì bá dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Akínbáyọ̀ bẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè.

"Jíìpù tèmi? Nínú ẹrẹ̀ yẹn? Ìyá Tiwalọpẹ́, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rù Ọlọ́run! Táyà iwájú rẹ̀ tuntun ni! Ọjọ́ kan náà ni òun àti ti ọkọ̀ yìí dé láti Kútọnu!"

Ayafọ́tò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó rò ó, ó tún gbé e sókè, ó ya fọ́tò kan.

"Tún un sọ," Fábọ̀dé wí.

"Bàbá, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé..."

"Mi ò bi ọkàn rẹ. Ẹnu rẹ ni mo bi."

Àwọn obìnrin elépo ti dé ẹ̀gbẹ́ jíìpù. Ọ̀kan nínú wọn fi ìka tọ́ irun wẹ́wẹ́ ara táyà iwájú, ó wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dára gbọ́ létí. Òmíràn ki ọwọ́ bọ àpò agbádá Pírésídà, ó yọ kọ́kọ́rọ́ jáde, ó jù ú sí Augustin. Wọ́n gbé Tiwalọpẹ́ wọ inú jíìpù.

Jíìpù rìn dáadáa títí bíríkì fi tán. Lẹ́yìn bíríkì, ilẹ̀ dúdú. Ọkọ̀ tó fara jọ kátì-kátì dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ń yí lójú kan, ẹ̀yìn jókòó pẹ̀sẹ̀ bí ìyàwó tuntun.

Fábọ̀dé wo Akínbáyọ̀ láti òkè délẹ̀.

"Balógun, ogun dé. Lọ ti ọkọ̀."

"Bàbá, agbádá mi..."

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ará ilé, Balógun ń bẹ̀rù ẹrẹ̀!"

Ẹ̀rín bú. Àwọn tó mu ọtí rẹ̀ ló rín in jù. Akínbáyọ̀ wọ inú ẹrẹ̀. Bàtà rẹ̀ òsì kọ́kọ́ lọ, ti ọ̀tún tẹ̀ lé e. Ó fi àyà ti ọkọ̀, àwọn obìnrin dúró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n ń kọ orin sí i létí: "Iwájú, Pírésídà! Iwájú là ń lọ!" Lójijì, táyà tuntun mú ilẹ̀. Jíìpù fò síwájú. Pírésídà kò rí ohun tó lè dì mú. Ó dojú bolẹ̀ gbìì. Ojú tí Ọlọ́run fi síwájú ló kọ́kọ́ dé ẹrẹ̀.

Ayafọ́tò yà á. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún kúkú nìyẹn. Nígbà tí Akínbáyọ̀ gbé orí sókè, ohun funfun tó kù lára rẹ̀ ni eyín. Fábọ̀dé di ẹnu àpò fìlà, ó gbé e há abíyá, ó sì ń lọ sílé rẹ̀.

Àwọn obìnrin ti jíìpù láti kòtò dé kòtò títí ó fi bọ́ sórí ọ̀nà ọ̀dà, ó sì dé Pobè nígbẹ̀yìn. Wọ́n gbé Tiwalọpẹ́ lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀. Ojú ọgbẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ti ya. Wọ́n rí ọmọ gbà láàyè. Wọ́n rí ìyá gbà láàyè. Ilé ọmọ rẹ̀ nìkan ni wọn kò rí gbà. Wọ́n gé e kúrò. Kò ní bímọ mọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, Akínbáyọ̀ wẹ̀, ó wọ agbádá mìíràn, ó gbé ọṣẹ lọ kí abiyamọ. Ó ní kí wọ́n ya òun ní fọ́tò pẹ̀lú ọmọ. Kátì-kátì ṣì wà lábẹ́ igi ọjà, ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Aboyún mìíràn wà ní abà náà, oṣù rẹ̀ yóò pé kí òjò tó dáwọ́ dúró. Àwọn àgbà sì ti ń wí lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn pé ọmọ wà, ìyá wà, ká jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀, pé ẹrẹ̀ tó bo Akínbáyọ̀ lójú ti tó o.

Ìdìbò ẹgbẹ́ yóò wáyé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, nínú ọgbà iléèwé Massè. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ti fi sílẹ̀ láti jẹ pírésídà. Ẹ mọ̀ ọ́n.

Ìwọ tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, tí o tún ń rẹ́rìn-ín, má sọ fún mi pé ọmọ wà, ìyá wà. Wá lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, dìde dúró, kí o sì sọ pé o kò fẹ́ ẹ, sókè, lójú rẹ̀, kí Tiwalọpẹ́ lè gbọ́.